Ara Yíyá Kọ́ Ni Ìwòsàn Ikọ́ Ife

Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Ohun tí ẹni tí ikọ́ ife ń ṣe mọ̀, ohun tó gbà gbọ́ àti ohun tó ń ṣe kì í sábà bára wọn mu, ọ̀rọ̀ náà sì ń ká mi lára púpọ̀.

Ọ̀pọ̀ aláìsàn ló mọ̀ pé ikọ́ tó bá ti pé ọ̀sẹ̀ méjì yẹ fún àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi wọ́n léèrè ohun tó fà á, ẹnì kan á ní àjogúnbá ni, ẹlòmíràn á ní èpè ni. Láti ọdún 1882 ni Robert Koch, oníṣègùn ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ti fi hàn pé kòkòrò ló ń fà á. Inú afẹ́fẹ́ ló ń gbà ràn, kì í ṣe ara abọ́ tàbí ìbọwọ́. Nítorí náà, ẹni tó ya abọ́ aláìsàn sọ́tọ̀, tó wá ti gbogbo fèrèsé pa, ohun tí kò léwu ló ń sá fún, èyí tó léwu ló sì ti mọ́lé.

Ó dáa, ibi tí mo ń bọ̀ gan-an nìyí. Oṣù mẹ́fà ni a sábà máa ń fi lo oògùn rẹ̀: oògùn mẹ́rin fún oṣù méjì, lẹ́yìn náà méjì nínú wọn, isoniazid àti rifampicin, nìkan fún oṣù mẹ́rin. Kí oṣù méjì náà tó pé, ikọ́ á ti rọlẹ̀, oúnjẹ á máa wọlé, aláìsàn á sì gbé oògùn jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Níbí ni wọ́n ti ń ṣì í! ARA YÍYÁ KỌ́ NI ÌWÒSÀN! Mo tún un sọ: ARA YÍYÁ KỌ́ NI ÌWÒSÀN!

Ẹ wo ikán. Bí ẹ bá ha amọ̀ tó fà sára ògiri kúrò, ògiri á mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n ìyá ikán ṣì wà nínú ilẹ̀, ó ń yé ẹyin. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn kòkòrò kan ṣe máa ń sùn sínú ara, tó jẹ́ pé àwọn oṣù tó kẹ́yìn ni ọwọ́ oògùn tó ń tó wọn. Bí a bá dá oògùn dúró, wọ́n lè jí, kí oògùn àkọ́kọ́ má sì ràn wọ́n mọ́. Èmi náà ti dá oògùn ibà dúró rí lọ́jọ́ kejì nítorí pé ara tù mí, nítorí náà n kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Ẹ̀rù pàápàá máa ń dá àwọn mìíràn dúró. Rifampicin a máa sọ ìtọ̀ di àwọ̀ ọsàn, ẹni tí a kò sì sọ fún á rò pé ẹ̀jẹ̀ ni. Àwọ̀ oògùn ni! Ṣùgbọ́n bí ojú bá pọ́n bí pupa inú ẹyin adìẹ, tàbí tí ìríran bá ń ṣókùnkùn, ẹ lọ rí òṣìṣẹ́ ìlera lọ́jọ́ náà gan-an.

Bí ẹ bá sì ti dá oògùn dúró, ẹ má ṣe fúnra yín bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ padà. Ẹ kó èyí tó kù dání lọ síbi tí ẹ ti gbà á, kí ẹ sì sọ ọjọ́ tí ẹ lò ó kẹ́yìn fún wọn.