Ọsàn, Ìgbálẹ̀ àti Òkòtó: Bí Ìrìn Ayé Ṣe Ń Pín Òjò

Ẹ káàbọ̀ sí kíláàsì mi ní Àkúrẹ́. Ohun tí a ó lò kò ju ọsàn kan, ẹyọ ìgbálẹ̀ kan àti àtùpà kan lọ: ọsàn ni ayé, àtùpà ni òòrùn.

Ẹ kọ́kọ́ fi ìgbálẹ̀ gún ọsàn náà já, kí ẹ sì dà á sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, nítorí pé ayé fi nǹkan bíi dígírì 23.4 dà sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ wá gbé e yí àtùpà ká, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí orí ìgbálẹ̀ kúrò níbi tí ó kọjú sí. Ibẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ti máa ń ṣì í ṣe. Ẹ ó rí i pé ìdajì àríwá kọjú sí iná ní apá kan, ó sì kẹ̀yìn sí i ní apá kejì. Èyí ni ó ń mú àsìkò yí padà, kì í ṣe bí òòrùn ti súnmọ́ wa tó: oṣù kìn-ín-ní, tí ọyẹ́ ń gbẹ wá létè, gan-an ni ayé súnmọ́ òòrùn jù, ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 147 kìlómítà, ní oṣù keje, ó tó mílíọ̀nù 152.

Ẹ rántí òkòtó tí a ń ta ní kékeré, bí orí rẹ̀ ti máa ń fì yíká bí agbára rẹ̀ bá fẹ́ tán. Orí ayé náà ń fì bẹ́ẹ̀, ó sì ń gba nǹkan bíi 26,000 ọdún kí ó tó yí po. Nítorí náà, ní nǹkan bíi 10,000 ọdún sẹ́yìn, ìgbà ooru àríwá bọ́ sí àsìkò tí ayé súnmọ́ òòrùn. Ilẹ̀ gbóná, ó fa atẹ́gùn olómi láti inú òkun wọlé jìnnà ju ti òní lọ, Sàhárà di pápá koríko, adágún Chad sì fẹ̀ bí òkun. Àwòrán màlúù ṣì wà lára àpáta Tassili, nínú Sàhárà ní Algeria, títí di òní.

Ẹ wá da ìgbálẹ̀ náà gan-an, bíi dígírì 40. Òṣùpá ńlá tí a ní kì í jẹ́ kí ayé dà tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn òṣùpá Mars, pílánẹ́ẹ̀tì aládùúgbò wa, kéré, ìṣirò sì fi hàn pé Mars ti dà bẹ́ẹ̀ rí. Iná ń jó orí àti ìdí ọsàn nísinsìnyí: yìnyín ibẹ̀ lórí Mars yóò di oru omi, yóò sì lọ dì sí agbedeméjì.

Lórí Titan, òṣùpá pílánẹ́ẹ̀tì Saturn, methane, gáàsì tí òtútù ibẹ̀ ń sọ di olómi, ni òjò. Ìgbà ooru gúúsù rẹ̀ ń bọ́ sí àsìkò tí Saturn súnmọ́ òòrùn, ó kúrú, ó sì mú ju ti àríwá lọ. Àlàyé tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fara mọ́ ni pé èyí ń mú kí methane ṣí láti gúúsù lọ sí àríwá, ìdí rẹ̀ nìyí tí adágún fi pọ̀ ní àríwá.

Ẹ yí orí ìgbálẹ̀ sí òdìkejì báyìí, kí ẹ sì sọ fún mi apá ibi tí adágún Titan yóò ṣí lọ.