Ẹ má fi sàká ọmọ SS3 de ààwẹ̀

Asalaamu alaykum, ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn. Ẹni mẹ́jọ tí sàká tọ́ sí wà nínú Suuratu Tawbah, aayah 60, aláìní àti tálákà ló sì ṣíwájú. Ọmọ tí òbí rẹ̀ kò rówó WAEC san wà lára wọn. Òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ọdún 2004 kò kọjá JSS3. Láti SS1, bí ìjọba ìpínlẹ̀ kò bá gbé e, òbí ni yóò wá a.

Owó tó bá tó iye gíráàmù wúrà 85, tó sì pé ọdún òṣùpá kan lọ́wọ́ wa, ìdá kan nínú 40 la ó yọ. Nínú ₦20,000,000, ₦500,000 nìyẹn. Ẹ béèrè iye tí iléèwé àdúgbò yín ń gbà fún WAEC, kí ẹ fi pín in wò.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni àsìkò. Ọ̀pọ̀ wa ló ń tọ́jú sàká de Ràmàdáánì, bẹ́ẹ̀ ìforúkọsílẹ̀ WAEC lè ti parí kí oṣù tó lé. Abbās, arákùnrin bàbá Ànọ́bì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), béèrè bóyá òun lè yọ sàká òun ṣáájú àsìkò, Ànọ́bì sì gbà fún un. Kí là ń dúró dè, nígbà náà? Bí WAEC bá ti lọ, ẹ sáré bá NECO.

Èkejì ni kí ọgọ́rùn-ún èèyàn tò sẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí gba ₦5,000 kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó lè fi sanwó ìdánwò nínú wọn. Àwọn tó tijú kì í sì í tò. Suuratul Baqarah 273 ní aláìmọ̀kan á rò pé ọlọ́rọ̀ ni wọ́n. Olùkọ́ kíláàsì mọ̀ wọ́n: ẹ bi í ní kọ̀rọ̀, ta ló san díẹ̀ tí kò rí ìyókù? Ẹ gba àṣẹ lẹ́nu òbí, kí ẹ sanwó fún iléèwé, kí ẹ gba rìsíìtì ní orúkọ ọmọ. Ẹ má ya á ní fọ́tò sórí Facebook o. Ìyẹn ni ìrègún tí aayah 264 kọ̀.

Ó ku orúkọ. JAMB ń mú orúkọ láti inú NIN. Bí NIN bá ní Rasheedat, tí fọ́ọ̀mù WAEC ní Rasidat, wàhálà dé nìyẹn, àtúnṣe rẹ̀ á sì tún gbowó. Kí iléèwé tó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, ẹ gbé NIN ọmọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí òun fúnra rẹ̀ kà á ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.