Zinfandel: Ohun Tí Ọdún Ń Ṣe fún Wáìnì Pupa Nínú Ìgò

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ wo òfìfo ìgò wáìnì pupa tó wà lọ́wọ́ mi yìí. Bọ̀dá mi ni wọ́n rà á ní ọdún 2013, nígbà tí wọ́n ń múra ìgbéyàwó. Wọ́n ní àwọn ò ní ṣí i, ó di ọjọ́ tí àwọn bá kó wọ ilé tara àwọn. Ilé náà parí lọ́dún tó kọjá, níbí ní Ẹ̀pẹ́. A kóra jọ, a gbàdúrà, wọ́n pín mọ́í-mọ́í, bọ̀dá mi wá gbé ìgò sọ̀ kalẹ̀ látorí kọ́bọ́ọ̀dù pálọ̀, wọ́n ń nu eruku ara rẹ̀ bí ẹni ń nu ọmọ tuntun. "Ọtí tó ti lo ọdún mẹ́wàá ó lé rèé, ẹ wá tọ́ ọ wò!"

Kọ́ọ̀kì fọ́ sí wẹ́wẹ́ lẹ́nu ìgò. Àwọ̀ ọtí ti dà bí omi tó ṣàn lára irin tó dípẹtà. Ní ti adùn, àǹtí mi kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Ṣé kì í ṣe àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ni wọ́n bù fún wa báyìí?"

Ìbéèrè tí bọ̀dá mi bi mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn ló bí fídíò yìí: ṣebí wọ́n ní bí wáìnì bá ṣe ń pẹ́ náà ló ń dùn sí i? Ẹ̀yin àlhájì àti àlhájà tó ń wò mí, ẹ má bínú, ìmọ̀ lásán la bá dé, mi ò ní bu fún ẹnikẹ́ni.

Zinfandel ni wọ́n kọ sára ìgò. Orúkọ èso àjàrà nìyẹn, kì í ṣe orúkọ ilé iṣẹ́. California ní Amẹ́ríkà ló ti gbajúmọ̀ jù, ní àgbègbè bíi Lodi, Amador àti Dry Creek Valley, ó sì pẹ́ táwọn ará ibẹ̀ ti ń pè é ní tiwọn. Ní ọdún 2001 ni Carole Meredith, onímọ̀ èso àjàrà ní yunifásítì UC Davis ní California, àtàwọn onímọ̀ kan láti Zagreb, olú ìlú Croatia, fi DNA wá ilé bàbá rẹ̀ kàn: etí òkun Croatia ní Yúróòpù ni, lábẹ́ orúkọ Crljenak Kaštelanski. Ẹ má ní kí n tún un pè. Òun kan náà làwọn ará gúúsù Ítálì ń pè ní Primitivo, nítorí náà tí ẹ bá rí Primitivo ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀jẹ̀ kan náà ni.

Èso yìí ní ìwà kan tí ọ̀rọ̀ òní fi ẹ̀yìn tì. Ṣírí rẹ̀ kì í pọ́n pa pọ̀. Lórí ṣírí kan ṣoṣo, ẹ ó rí èyí tó ṣì le koko, èyí tó pọ́n dáadáa, àti èyí tó ti rún, tó ti ń gbẹ, bí agbo ilé tí ọmọ ọwọ́ àti arúgbó jọ wà. Olóko á máa dúró de àwọn tí kò tíì pọ́n. Bó ṣe ń dúró ni ṣúgà ń ki sí i nínú àwọn tó ti ń gbẹ. Ṣúgà yẹn ni ìwúkàrà máa jẹ tó fi ń di ọtí. Ìdí rèé tí Zinfandel fi máa ń le: ìdá 14 tàbí 15 nínú 100 kò ṣàjèjì, àwọn mìíràn ń dé 16, nígbà tí bíà jẹ́ nǹkan bí 5. Èso tó bá sì pọ́n tó bẹ́ẹ̀, kíkan inú rẹ̀ á ti lọ sílẹ̀. Kíkan yẹn wà lára ohun tó ń mú wáìnì dàgbà láìbàjẹ́, ẹ fi sọ́kàn.

Ká ní ẹ ṣí i nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọdé, ní ọdún kìíní sí ìkẹta. Ẹ dà á sínú ife gíláàsì. Ẹ ó rò pé zobo tó ki ni, pupa tó ń fà sí elése àlùkò létí. Ìjọra yẹn kì í ṣe lásán o. Èròjà tó pa òdòdó ìṣápá láró àti èyí tó pa èèpo àjàrà láró, ọmọ ìyá ni wọ́n, anthocyanin ni wọ́n ń pè wọ́n. Òórùn jáàmù èso dúdú ló máa kọ́kọ́ lu yín nímú, ata kan tó jọ ìyèré á tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn tí ẹ bá gbé e mì, ohun kan á gbá ahọ́n mú, ẹnu á gbẹ. Ẹni tó bá ti jẹ kajú tí kò pọ́n dáadáa mọ ohun tí mò ń wí. Tannin nìyẹn. Èèpo àti kóró èso ló ti ń wá, àgbá onígi tí wọ́n fi pọn ọtí sí náà ń fi díẹ̀ kún un.

Wọ́n bá dé ìgò pa. Àwa tí a mọ ẹmu lè máa rò pé bí ẹmu ni yóò ṣe: ó dùn láàárọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kan lọ́sàn-án, ó le lálẹ́, tó bá di ọjọ́ kejì ó di ọtí kíkan. Ìwúkàrà tó wà láàyè ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ẹmu. Nínú ìgò wáìnì pupa, ìwúkàrà ti parí iṣẹ́ kó tó di pé wọ́n dé e. Nítorí náà, ẹni tó bá ń sọ pé wáìnì tó pẹ́ máa ń pa èèyàn ju tuntun lọ ń tan ara rẹ̀ ni. Agbára ọtí inú rẹ̀ kì í pọ̀ sí i.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ rọra ju ìyẹn lọ. Afẹ́fẹ́ kíún ń gba ara kọ́ọ̀kì wọlé lọ́dọọdún. Èròjà àwọ̀ ń so mọ́ tannin, tannin ń so mọ́ tannin, wọ́n ń di ẹ̀wọ̀n tó ń gùn sí i. Ẹ̀wọ̀n tó bá wúwo jù kò ní lè léfòó mọ́, á rì. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí ẹ máa ń rí nísàlẹ̀ wáìnì àgbà nìyẹn. Kì í ṣe ìdọ̀tí, kò sì ní pa ẹnikẹ́ni. Àmọ́ àwọ̀ tó ti rì kò sí lókè mọ́, ni àwọ̀ wáìnì bá ń ṣí díẹ̀díẹ̀: àlùkò á lọ, á ku pupa, pupa á di àwọ̀ ilẹ̀ amọ̀, etí ife á máa fà sí búráùn. Tannin tó ti so mọ́ra wọn kì í gbá ahọ́n mú bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọtí á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ lọ́fun wọ́ọ́rọ́wọ́.

Òórùn jáàmù ọjọ́sí náà á máa rẹ̀. Ohun tó ń gba ipò rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí: dàbínù, àjàrà gbígbẹ, awọ bàtà tuntun, ewé tábà, ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pa.

Ẹni tó bá ti dé ọjà ẹja Olúwo nílùú wa níbí, á yé e kíákíá. Àrọ̀ tútù tó ń ta pọ́ún nínú abọ́, nǹkan kan nìyẹn. Àrọ̀ yíyan tó ti jókòó lórí iná tí kò pariwo, nǹkan mìíràn nìyẹn. Yíyan ò sọ ẹja di tútù ju tútù lọ, ó sọ ọ́ di oúnjẹ mìíràn ni, ẹni tó fẹ́ se pẹ́pẹ́súùpù àrọ̀ tútù kò ní dúró níwájú oníyíyan. Bí wáìnì àgbà ṣe rí nìyẹn. Tó bá jẹ́ jáàmù àti ìyèré lẹnu yín ń fẹ́, ẹ mu Zinfandel yín lọ́mọdé, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi ọjọ́ orí wáìnì halẹ̀ mọ́ yín.

Ṣé ó wá ń pẹ́ dáadáa? Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, láàárín ọdún mẹ́ta sí márùn-ún lẹ́yìn ìkórè ló máa ń dára jù. Èyí tó wá láti oko tó dára, lọ́wọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́, lè dé ọdún mẹ́wàá, díẹ̀ ń kọjá bẹ́ẹ̀. Cabernet Sauvignon, èso àjàrà wáìnì pupa mìíràn, ní tannin jù ú lọ, ìyẹn ló ṣe sábà máa ń pẹ́ jù ú. Ewu Zinfandel ni ìdá 15 tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà ọmọdé, èso ló ń bò ó mọ́lẹ̀ bí epo ṣe ń bo ata nínú ọbẹ̀. Ọdún ń kó èso lọ, kò kó ọtí lọ. Tí èso bá tán, ọtí á dúró níhòòhò, á máa jó ọ̀nà ọ̀fun bí ògógóró tí wọ́n bomi là.

Èyí tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, tó dùn bíi mínírà, tí wọ́n ń pè ní White Zinfandel, ìyẹn kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá. Ẹ rà á, ẹ mu ún.

Ẹ sì kíyè sí "Old Vine" lára ìgò. Igi ló gbó, kì í ṣe ọtí. Igi Zinfandel tó ti lé ní 100 ọdún wà ní California tó ṣì ń so, èso wọn kì í pọ̀, ó sì máa ń ki. Ṣùgbọ́n òfin Amẹ́ríkà kò sọ iye ọdún tí igi gbọ́dọ̀ pé kí wọ́n tó kọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ọdún ìkórè, nọ́mbà mẹ́rin yẹn, ni kí ẹ máa wò.

Ó ku orí kọ́bọ́ọ̀dù bọ̀dá mi. Gbogbo ọdún tí mo kà sílẹ̀ yẹn, fún ìgò tó sùn nínú òkùnkùn ni, níbi tí ooru kò ti ju nǹkan bíi 13 lórí ìwọ̀n Celsius. Pálọ̀ Ẹ̀pẹ́ lọ́sàn-án oṣù kejì ń kó 30 já. Àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ní ìṣirò ojú lásán kan: bí ooru bá fi 10 gòkè, ìyípadà á yára tó ìlọ́po méjì. Láti 13 dé 33, ìlọ́po mẹ́rin nìyẹn. Ọdún mẹ́wàá lórí kọ́bọ́ọ̀dù wá di bí ogójì. Ìyẹn gan-an kọ́ ló burú jù. Ooru ò kàn ń lé wáìnì sáré, ó ń sè é ni. Ẹja tí ẹ gbàgbé sínú oòrùn kì í di ẹja yíyan.

Ìdúró tí ìgò wà náà tún dá kún un. Lóròó ni wọ́n gbé e dúró, ọtí ò kan kọ́ọ̀kì, kọ́ọ̀kì gbẹ, ó sún kì. Lọ́sàn-án, ooru á mú ọtí wú, á ti kọ́ọ̀kì. Lóru, á rọlẹ̀, á fa afẹ́fẹ́ wọlé. Ohun tí afẹ́fẹ́ ń ṣe fún ìkàn tí a gé sílẹ̀ ló ṣe fún wáìnì bọ̀dá mi. Kò sẹ́ni tó ta ayédèrú fún wọn.

Tí ẹ bá ní irú rẹ̀ nílé, ẹ dá a dùbúlẹ̀ nísàlẹ̀ wọ́dùróòbù, nínú yàrá tí oòrùn kì í kàn, kó jìnnà sí jẹnẹrétọ̀. Firíìjì sàn ju pálọ̀ lọ fún oṣù mélòó kan, bí iná tilẹ̀ ń ṣe ségesège. Tó bá jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ rà á ni, ẹ wo ẹnu ìgò: kọ́ọ̀kì tó ti yọrí, ọtí tó ti jò sára rẹ̀, ìgò tí wọ́n tò síwájú ṣọ́ọ̀bù nínú oòrùn, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ mu ún, ẹ fi sí firíìjì bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, nítorí "bí yàrá ṣe gbóná mọ" tí àwọn Òyìnbó ní ká fi máa mu wáìnì pupa, yàrá tiwọn ni wọ́n ń sọ. Èyí tó bá ti ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, ẹ gbé e dúró láti àná, ẹ rọra dà á, kí ẹ dúró nígbà tí ìsàlẹ̀ bá fẹ́ máa bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dá ìgò yìí padà ná. Ìyàwó bọ̀dá mi ti ń pè mí láti kíṣìnnì, epo pupa ni wọ́n fẹ́ rọ sínú rẹ̀.