Bí Ìwé Àṣẹ Ìkọ́lé Ṣe Ń Jáde ní Èkó, àti Ibi Tí Fáìlì Ti Ń Há

C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí ìjọba ń fúnni, ń fi hàn pé ẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí ilẹ̀. Kò ní kí ẹ gbé búlọ́ọ̀kù kankan lé e. Risíìtì owó ìpìlẹ̀ tí ọmọ onílẹ̀ já fún yín kì í ṣe àṣẹ, ti káńsù náà kì í ṣe é. Ní 2003, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá a pé àwọn ìpínlẹ̀ ló ni ọ̀rọ̀ ètò ìlú, kì í ṣe ìjọba àpapọ̀. Ní Èkó, LASPPPA, iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀, ló ń fún èèyàn ní ìwé àṣẹ. Wọ́n ní ọ́fíìsì káàkiri àwọn ìjọba ìbílẹ̀, ibẹ̀ ni fáìlì ti ń bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n alága káńsù kọ́ ló ń buwọ́ lù ú.

Àwòrán ilé ni onílé máa ń náwó lé, àmọ́ sọ́fè ni fáìlì ti sábà máa ń há. Wọ́n á gbé nọ́ńbà orí sọ́fè sórí máàpù ìjọba, wọ́n á wò ó bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sínú èyí tí ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé, bóyá títì tí wọ́n fẹ́ là máa gba ibẹ̀, bóyá kánáàlì tàbí wáyà iná ńlá wà nítòsí. Bí sọfeyọ̀ kò bá fi ẹ̀dà sílẹ̀ ní ọ́fíìsì Sọfeyọ̀ Àgbà ìpínlẹ̀, bébà lásán lẹ mú dání. Kí ẹ tó sanwó ilẹ̀ ló yẹ kí ẹ ṣe àyẹ̀wò yìí.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ àyè tí ẹ máa fi sílẹ̀ yí ilé ká. Púlọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ 60 ní 120 jẹ́ nǹkan bíi mítà 18 ní 36, ìyẹn mítà onígun mẹ́rin 648. Ká ní wọ́n ní kí ẹ fi mítà 6 sílẹ̀ níwájú, 3 lẹ́yìn, 3 lọ́tùn-ún, 3 lósì. Ó ku 12 ní 27, ìyẹn 324: ìdajì gééré. Ẹ wá wo háàfù púlọ́ọ̀tì tí wọ́n là lóròó, 9 ní 36. Ẹ yọ mẹ́ta-mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, fífẹ̀ yàrá kan péré ló kù! Bí wọ́n bá gé e níbùú, 18 ní 18, 12 ní 9 lẹ máa rí lò, bí ọ̀nà bá ṣáà wọ èyí tó wà lẹ́yìn. Ìṣirò yìí kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, síbẹ̀ ẹ̀yìn ìgbà tí ilẹ̀ ti di tiwọn làwọn èèyàn ń ṣe é.

Àwòrán gbọ́dọ̀ ní òǹtẹ̀ ayàwòrán ilé tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ARCON, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn ayàwòrán ilé sílẹ̀. Ti òpó, irin àti ìpìlẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ti ẹnjiníà tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN, ìgbìmọ̀ ti àwọn ẹnjiníà. Àwọn kan máa ń yá òǹtẹ̀. Bí wọ́n bá wá béèrè ìdí tí ẹ fi lo irin báyìí, kò ní sí ẹni tó máa dáhùn. Fún ilé alájà púpọ̀, wọ́n á tún béèrè àyẹ̀wò ilẹ̀, nítorí ìpìlẹ̀ tó gbé ilé dúró lórí ilẹ̀ pupa Agége lè rì lórí ilẹ̀ ẹrẹ̀ ní Lẹ́kí. Àwọn òṣìṣẹ́ á wá wo ilẹ̀ fúnra wọn. Bí ẹ bá ti kọ́lé ṣáájú, owó ìtanràn ń bọ̀.

Ìwé jáde, ó wá ku LASBCA, iléeṣẹ́ ìpínlẹ̀ tó ń mójú tó iṣẹ́ ìkọ́lé. Àwọn ló ń fọwọ́ sí i pé kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn náà ló ń yẹ ìpìlẹ̀, òpó àti dẹ́kìn wò. Kọngílá tó bá bo irin ìpìlẹ̀ mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó dé ń wá wàhálà, torí wọ́n lè ní kó tú u síta. Ẹ bu kọnkéré ọjọ́ tí ẹ bá da dẹ́kìn sínú mọ́ọ̀dù, kí wọ́n fọ́ ọ wò ní ọjọ́ 7 àti ọjọ́ 28. Àṣìṣe tó burú jù ni kí a gbàṣẹ alájà méjì kí a sì kọ́ mẹ́rin: ẹrù alájà méjì ni ẹnjiníà ṣírò ìpìlẹ̀ yẹn fún. X pupa tí ẹ ń rí lára ògiri, irú ilé bẹ́ẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n ń kọ ọ́ sí. Bí gbogbo rẹ̀ bá lọ déédéé, wọ́n á fún yín níwèé pé iṣẹ́ parí, pé èèyàn lè gbé inú ilé náà. Ẹni tó bá fẹ́ háyà ilé lè ní kí onílé fi ìwé yẹn han òun.