Kí Ló Ń Gbé Iye Lé Ọ̀nínì Àtijọ́?

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a ṣe ní Òkè-Fìà, Òṣogbo)

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo kí yín. Ní ọdún 1907 tí ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo yìí ni ìjọba amúnisìn gbé ọ̀nínì jáde, owó tí mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ kọ́bọ̀ kan (pẹ́nì àwọn Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe kọ́bọ̀ ti náírà), kí ó lè gba ipò owó ẹyọ lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà. Alumíníọ́mù ni wọ́n kọ́kọ́ fi rọ ọ́, ṣùgbọ́n ojú ọjọ́ wa ń jẹ ẹ́; ní 1908 wọ́n ti fi àdàlù bàbà àti níkẹ́lì rọ́pò rẹ̀. Orúkọ Nàìjíríà sì wà lára rẹ̀, ọdún méje kí Lugard tó da Àríwá àti Gúúsù pọ̀.

Síbẹ̀, ọjọ́ orí nìkan kì í sọ owó di ọ̀wọ́n. Bí ó ṣe ṣẹ́kù tó, bí ojú rẹ̀ ṣe mọ́ kedere tó, àti iye ènìyàn tí ń wá a, ìwọ̀nyí ni ó ń pinnu rẹ̀. Ẹ wo kọ́bọ̀ oníhò ọdún 1936 tí ó ní orúkọ Edward Kẹjọ, ọba tí kò lo ọdún kan lórí oyè. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò ná owó kankan tí ó ní orúkọ rẹ̀, nítorí náà ni àwọn kan ṣe rò pé tiwa níláti ṣọ̀wọ́n. Kò rí bẹ́ẹ̀: ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ni wọ́n rọ. Ẹ tún wo lẹ́tà kékeré ara rẹ̀: H jẹ́ ti ilé ìrọwó Heaton ní Birmingham, KN jẹ́ ti King's Norton, èyí tí kò ní lẹ́tà sì wá láti London.

Ohun tí mo ń tẹnu mọ́ níbi gbogbo ni pé ẹ má fọ̀ ọ́. Ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́, eérú tàbí yanrìn kàn án. Àwọ̀ ṣíṣú tí ó bò ó ni ẹ̀rí ọdún tí ó ti lò. Bí ẹ bá ha á kúrò, ẹni tí ó mọ owó yóò rí àpá rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, iye tí yóò san yóò sì já wálẹ̀. Àwọn tí ń polówó pé kọ́bọ̀ ọdún 1973 yóò sọ ènìyàn di olówó ńlá ń tan àwọn òbí wa jẹ, ó sì ń bí mi nínú, nítorí owó tí wọ́n rọ lọ́pọ̀ yanturu nígbà tí náírà dé ni.

Àkókò ti ń lọ, n ó sáré lórí fàdákà: tọ́rọ́ (kọ́bọ̀ mẹ́ta) àti sísì (kọ́bọ̀ mẹ́fà) láti 1913 jẹ́ fàdákà gidi, ṣùgbọ́n ní 1920 wọ́n fi idẹ rọ́pò fàdákà náà.

Mo fẹ́ bọ́ sórí owó ọdún 1959, èyí tí wọ́n rọ fún Nàìjíríà nìkan, nígbà tí ìyá kan nawọ́. Ó ní: “Olùkọ́, ìyá ọkọ mi sín kọ́bọ̀ oníhò sórí òwú, ó fi sílẹ̀ fún wa. Ọmọ mi ní kí n já a, kí a tà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.”

Mo ní: “Ìyá wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má já a.” Ẹyọ kọ̀ọ̀kan lè má tó nǹkan lọ́jà, ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó ni ín ṣe sín in, iye tí ó fi sí ìdí kọ̀ọ̀kan àti ibi tí ó ta kókó sí ń fi hàn bí obìnrin oníṣòwò ṣe ń ka owó rẹ̀ láìsí ìwé. Bí òwú náà bá já, kò sí ẹni tí yóò tún un tò. Mo bi í pé kí ni ìyá ọkọ rẹ̀ ń ṣe. Ó ní aró ni ó ń pa, èsúsú sì ni owó náà. A lo ìyókù àkókò lórí èyí: kí ẹ ya àwòrán rẹ̀ kí ẹ tó gbé e kúrò níbi tí ó wà, kí ẹ fi bébà gbígbẹ wé e, kì í ṣe ọ̀rá, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tí ó ni ín, iṣẹ́ rẹ̀ àti àdúgbò rẹ̀ sínú àpótí kan náà.

A kò dé orí owó 1959 mọ́. Mo yẹ tiwọn wò fún àwọn tí ó mú un wá lẹ́yìn ìjókòó. Ó dùn mí pé wọ́n ti fi yanrìn fọ púpọ̀ nínú rẹ̀.