Ẹrù Ló Ń Rìn, Alárùú Ò Kúrò Lójú Kan: Ìyípadà Òòyì Nínú Yìnyín Háídírójìn

Bí ẹ bá fi òtútù sọ háídírójìn di yìnyín ní 4 K (K ni kélífínì, òṣùwọ̀n ooru; 4 K tó nǹkan bíi −269 °C), ohun tó wà lọ́wọ́ yín lónìí kọ́ ni ẹ ó bá níbẹ̀ lọ́la. Kò jò, ẹnikẹ́ni ò sì fọwọ́ kàn án. Inú ara rẹ̀ ló ti ń yí padà.

Mólékù háídírójìn ní prótọ́nì méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní òòyì (spin) tó sọ ọ́ di òòfà kékeré. Bí òòyì méjèèjì bá kọjú síbì kan náà, ọ́tò là ń pè é. Bí wọ́n bá kọ̀yìn síra, tí wọ́n pa ara wọn rẹ́, párà ni. Òfin kuọ́ńtọ́ọ̀mù ò sì jẹ́ kí ọ́tò sinmi. Bó ti wù kí òtútù pọ̀ tó, ó gbọ́dọ̀ máa yí (J = 1; J ni nọ́ńbà tó ń ka yíyí mólékù fúnra rẹ̀), nígbà tí párà lè dúró jẹ́ẹ́ (J = 0). Ìyàtọ̀ agbára wọn, bí a bá fi òṣùwọ̀n ooru wọ̀n ọ́n, tó nǹkan bíi 170 K. Nínú afẹ́fẹ́ yàrá, ìdá 75 nínú 100 ló jẹ́ ọ́tò. Ní 77 K, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ pín in dọ́gba. Ní 20 K, ó yẹ kí párà gba 99.8. “Ó yẹ” ni mo wí, torí mólékù tó dá wà kì í yí òòyì ara rẹ̀ padà. Bonhoeffer àti Harteck, onímọ̀ kẹ́mísìrì méjì, ló kọ́kọ́ rí ìyípadà náà ṣe, lọ́dún 1929, pẹ̀lú èédú inú òtútù líle.

Òòfà mólékù aládùúgbò ló ń yí ọ́tò padà di párà. Nínú yìnyín tó mọ́, párà ò ní òòfà kankan, nítorí náà ọ́tò nìkan ló lè yí ọ́tò padà. Ìdí nìyẹn tí ìyára rẹ̀ fi ń tẹ̀ lé kx², tí x jẹ́ ìpín ọ́tò, tí k sì jẹ́ nǹkan bí 0.019 ní wákàtí kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 75 nínú 100 (x = 0.75): lẹ́yìn wákàtí 24 ó ku 56, lẹ́yìn 100, ó ku 31, lẹ́yìn 500, 9 péré. Ooru ń jáde bó ti ń lọ, bíi 4 milliwatt lára gíráàmù méjì ní wákàtí àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ń wọn ooru yìnyín láìka èyí sí, ìṣirò rẹ̀ ti wọ́. Nínú tánkì háídírójìn olómi, wàhálà rẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìyípadà náà ń tú 527 kJ sílẹ̀ lórí kílò kan, bẹ́ẹ̀ 446 ló tó láti sọ kílò kan náà di gáàsì.

Ibi tó wù mí jù nìyí. Nígbà tí ọ́tò bá ku ìdá kan tàbí méjì nínú 100, wọ́n ti jìnnà síra. Báwo ni wọ́n ṣe ń ríra? Mólékù máa ń ṣí kiri nínú yìnyín bí àyè òfìfo bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n owó ibodè ìrìn yẹn, ìyẹn agbára tó gbọ́dọ̀ ní kó tó lè ṣí, tó nǹkan bíi 200 K. Ní nǹkan bíi 10 K sókè, NMR, ẹ̀rọ tó ń fi òòfà àti ìgbì rédíò yẹ òòyì wò, ń rí ìṣíkiri yìí: ìlà rẹ̀ á tín-ín-rín. Láti 13.8 K, níbi tó ti ń yọ́, sọ̀ kalẹ̀ sí 4.2 K, ìṣíkiri náà dín kù ní ìlọ́po tó ju 10¹⁴ lọ. Ó ti dì pa. Síbẹ̀, NMR kan náà fi hàn pé láàárín wákàtí mélòó kan, ọ́tò tó wà káàkiri ti so méjì-méjì.

Oyarzun àti Van Kranendonk, onímọ̀ físíìsì méjì, ṣàlàyé rẹ̀ lọ́dún 1971. Ẹ wo àwọn lébìrà níbi dẹ́kìn: wọ́n tò, wọ́n ń na páànù kọnkéré síra wọn. Páànù dé òkè, ẹnikẹ́ni ò kúrò níbi tó wà. Ọ́tò náà ń na yíyí rẹ̀ sí párà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, òun di párà, aládùúgbò di ọ́tò. Agbára ṣáájú àti agbára lẹ́yìn dọ́gba, nítorí náà kò sí owó ibodè. Bí méjì bá wá pàdé, ìfà tó wà láàárín wọn, tó tó nǹkan bíi 4 K, á dè wọ́n. Bí ìwọ̀n ooru bá kéré sí ìyẹn, wọn ò ní tú ká kíákíá, ìṣirò x² tó gbà pé wọ́n fọ́n ká lásán ò sì bá ibẹ̀ mu mọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ párà tó mọ́, kó ki hóró ìpẹtà irin tó ní omi nínú sínú ọ̀pá bàbà tó ká, kó fi iná gbẹ ẹ́ nínú òfìfo kó tó lò ó, kó wá rọra gba gáàsì kọjá nínú rẹ̀ ní 14 sí 20 K. Ní ìsàlẹ̀ 13.8 K, yìnyín á dí ọ̀pá. Bí gáàsì bá sáré jù, ọ́tò á kù nínú rẹ̀. Ẹ fi asẹ́ sẹ́nu ọ̀pá náà, torí eruku ìpẹtà tó bá wọ yìnyín di òòfà tí ẹ ò fẹ́.

Ọ̀tá tó burú jù ni ọ́síjìn. Òòfà ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó wà nínú rẹ̀ ju ti prótọ́nì lọ ní ìlọ́po tó lé ní 600, nítorí náà ọ́síjìn bíńtín á jẹ ọ́tò àyíká rẹ̀ tán, k á sì dà bí ẹni pé ó ga ju 0.019 lọ. Pàkúté èédú ní 77 K ló ń mú un. Kí ẹ sì kọ wákàtí tí yìnyín náà dì sílẹ̀ lára agolo rẹ̀, kí ẹ tó kọ ohunkóhun mìíràn.