Bí gáàsì ṣe ń di iná mọ̀nàmọ́ná, àti èéfín tí ojú kò rí

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ kún iwájú, mo kí yín o. Ọ̀pọ̀ wa ní Ìlọrin níbí gbà pé omi ló ń fún wa ní iná. A ò jẹ̀bi: ìsédò Kainji ti wà láti 1968, ti Jẹ́bà tẹ̀lé e ní 1985, kò sì jìnnà sí wa. Ṣùgbọ́n orí wáyà kan náà ni gbogbo iná ilẹ̀ yìí ti ń pàdé. Kó tó dé Ganmọ, ibùdó tó ń pín iná fún Ìlọrin, kò sẹ́ni tó lè ya ti omi sọ́tọ̀ mọ́. Gáàsì ló sì ń pèsè èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, láti Egbin ní Ìkòròdú, Ọlọ́runṣògo ní ìpínlẹ̀ Ògùn, Geregu ní Kogí, àti àwọn ti ìhà Delta.

Kì í ṣe gáàsì inú sílíńdà là ń wí. Ti sílíńdà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìdí nìyẹn tó fi máa ń rọ̀gún sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bó bá jò. Èyí tí páìpù ń gbé wá láti Niger Delta, mítéènì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, òun sì fúyẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo inú ẹ̀rọ tó ń fi gáàsì yìí pèsè iná. Iwájú rẹ̀ ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, àwọn abẹ̀bẹ̀ irin tó tò tẹ̀lé ara wọn á sì fún un pọ̀ títí yóò fi gbóná. Nígbà náà ni wọ́n á fọ́n gáàsì sí i, iná á sọ, ooru á kọjá 1,000°C dáadáa. Afẹ́fẹ́ tó ń fi tipátipá wá ọ̀nà jáde yìí ló ń yí tọ́báìnì, ìyẹn àwọn abẹ̀bẹ̀ irin mìíràn tó wà lẹ́yìn, tọ́báìnì sì ń yí jẹnẹrétọ̀. Nínú àwọn ẹ̀rọ ńláńlá, ìgbà 3,000 ló ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Ohun tó máa ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lẹ́nu ni pé nǹkan bí ìdajì agbára tọ́báìnì, tàbí jù bẹ́ẹ̀, ni ẹ̀rọ ń dá padà síwájú láti fi fún afẹ́fẹ́ tuntun pọ̀.

Ohun tó ń bá ẹ̀yìn jáde ṣì gbóná tó 500°C sí 600°C. Ilé iṣẹ́ tó bá kàn tú u sójú ọ̀run kì í rí ju nǹkan bíi 35 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún ooru gáàsì lò. Àwọn mìíràn ń fi ooru yẹn se omi, kí èéfín omi híhó yí tọ́báìnì kejì, bí ìyá tó gbé omi ìwẹ̀ ka ẹ̀yinná tó kù lẹ́yìn ẹ̀wà. Àwọn tó dára jù nínú wọn ń tó 60. Egbin yàtọ̀ sí méjèèjì: abẹ́ ìkòkò omi ńlá ni gáàsì ti ń jó níbẹ̀, èéfín omi híhó nìkan ló ń yí ẹ̀rọ mẹ́fà rẹ̀, mẹ́gáwáàtì 220 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan.

Nítorí pé ilé iṣẹ́ gáàsì kì í rú èéfín dúdú, àwọn èèyàn ní ó mọ́. Òótọ́ ni pé eérú àti imí ọjọ́ kò pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kílò kan mítéènì, bó bá jó tán, á di kílò 2.75 kábọ́ọ̀nù dàyọ́ksáídì, èéfín tí ojú kò rí tó ń mú ayé gbóná, torí ó ń gba ọ́síjìn mọ́ra. Lórí yúnìítì kan tí ẹ ń rà sórí mítà, ilé iṣẹ́ oní-tọ́báìnì méjì ń tú nǹkan bí gíráàmù 350 jáde, èyí tó ń fi ooru ṣòfò ń tú nǹkan bí 550, ti èédú sì ń súnmọ́ kílò kan. Ooru gíga náà tún ń so náítírójìn inú afẹ́fẹ́ mọ́ ọ́síjìn, èyí sì ń ṣe ẹ̀dọ̀fóró léṣe. Àwọn ẹ̀rọ tuntun ń kọ́kọ́ po gáàsì mọ́ afẹ́fẹ́ kí wọ́n tó tanná sí i, kí iná má bàa gbóná jù.

Ibi tí mo ti ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi jiyàn ni páìpù. Mítéènì tó bá jò kó tó dé ibi iná, láàárín 20 ọdún, ń mú ayé gbóná ju ìwọ̀n kan náà kábọ́ọ̀nù dàyọ́ksáídì lọ ní ìlọ́po tó lé ní 80. Ẹni tó bá ka èyí tó ń bá ihò èéfín ilé iṣẹ́ jáde nìkan kò tíì ṣírò.

Màmá kan tó ń ta ẹja yìnyín ní ọjà Ìpàtà bi mí pé èwo ló burú jù, ilé iṣẹ́ ọ̀nà jíjìn tàbí jẹ̀n ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù òun. Mo ní, “Mà, jẹ̀n yín ni.” Jẹ̀n kékeré oní-pẹtiróòlù sábà máa ń tú ju kílò kan lọ lórí yúnìítì kan, ó sì ń tú kábọ́ọ̀nù mónọ́ksáídì, tí kò ní òórùn, tó sì ń pa èèyàn lójú oorun. Wọ́n ní kí làwọn ó ṣe nígbà tí iná bá lọ. Mo ní kí wọ́n gbé e jìnnà sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí wọ́n má sì tàn án sínú ṣọ́ọ̀bù láé, bí òjò tilẹ̀ ń rọ̀.